Honda Prelude Tuntun àti Àwọn Adájọ́ Mọ́tò l'Ókè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló délẹ̀ lónìí.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Honda tún gbé Prelude jáde ní ilẹ̀ Japan. Àwọn tó ti ń wakọ̀ láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn kò ní ṣàì mọ orúkọ yẹn. Ọdún 1978 ni Prelude àkọ́kọ́ jáde, ìran márùn-ún ni wọ́n sì ṣe nínú rẹ̀ kí Honda tó dá a dúró ní 2001. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ni, ikùn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, iwájú rẹ̀ gùn gbọọrọ. Ìran kẹta rẹ̀, tó jáde ní 1987, ní iná iwájú tó máa ń sá pamọ́ lọ́sàn-án, tí yóò sì gbé orí sókè bí awakọ̀ bá tàn án lálẹ́. Wọ́n tún ṣe irú kan nínú ìran kẹta yẹn tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń yí pẹ̀lú ti iwájú bí awakọ̀ bá ti ń kọ kọ́nà. Ohun tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu púpọ̀ ni nígbà náà.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí Prelude tuntun ṣe yọjú ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Gíà ló kọ́kọ́ dun àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wa Prelude àtijọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ gíà, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó tẹ tọ́rótù, kó gbọ́ bí ẹńjìnnì ṣe ń dáhùn. Tuntun yìí kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí awakọ̀ ń tẹ̀ rárá. Ẹńjìnnì oní-lítà méjì ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò iná mànàmáná méjì, irú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní háíbríìdì. Bó bá ń rìn nígboro, mọ́tò iná ló sábà máa ń yí táyà, ẹńjìnnì yóò máa pèsè iná fún un. Bó bá bọ́ sójú ọ̀nà gbọọrọ tí eré ti pọ̀, ẹńjìnnì náà yóò wá fọwọ́ kan táyà fúnra rẹ̀. Agbára gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ti ẹṣin 200.

Honda mọ̀ pé àròyé yóò wà. Wọ́n fi bọ́tìnì kan síbẹ̀ tí wọ́n pè ní S+ Shift. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà yóò máa ṣe bí ẹni pé gíà ń wọlé: ohùn ẹńjìnnì yóò gòkè, yóò já wálẹ̀, yóò tún gòkè. Àwọn kan wà á, wọ́n ní ó dùn. Àwọn mìíràn fárígá pé gíà tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ní kí àwọn máa yọ̀ sí.

Owó ni ẹjọ́ kejì. Ní Amẹ́ríkà, 42,000 dọ́là ni iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Japan, 6,179,800 yen ni. Àwọn tó mọ ọjà wá fi wé Toyota GR86, ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tó ní agbára ẹṣin 228, tó ní gíà ọlọ́wọ́, tí owó rẹ̀ sì fi ohun tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là dín sí ti Prelude. Wọ́n tún fi wé Civic Type R tí Honda kan náà ṣe, tó ní agbára ẹṣin 315 àti gíà ọlọ́wọ́, tí owó rẹ̀ kò sì fi púpọ̀ ju ti Prelude lọ. Wọ́n ní, ẹ̀yin Honda, ẹńjìnnì tó yẹ kó wà nínú Prelude wà lọ́wọ́ yín, kí ló dé tí ẹ kò gbé e síbẹ̀?

Àwọn tó gbèjà rẹ̀ kò dákẹ́. Wọ́n ní ara Type R yẹn náà ni wọ́n ti mú ohun tó gbé táyà iwájú Prelude dúró, wọ́n sì fún un ní búréèkì Brembo tó lágbára, nítorí náà bó ṣe ń di ilẹ̀ mú ní kọ́nà kò kéré rárá. Wọ́n ní kì í mu epo. Wọ́n ní gbogbo ènìyàn kọ́ ló fẹ́ máa fi ọkọ̀ jagun, pé àgbàlagbà tó fẹ́ wa ọkọ̀ tó lẹ́wà lọ síbi iṣẹ́, kó sì padà wálé láìsí pé ẹ̀yìn ń dùn ún, Prelude ni kó rà. Ọjà Japan sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Ọkọ̀ 300 ni Honda pète láti máa tà lóṣù, ṣùgbọ́n iye àwọn tó fẹ́ rà á ní oṣù àkọ́kọ́ ju ìyẹn lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn àgbà tó mọ Prelude nígbà èwe wọn ló sì pọ̀ nínú wọn.

Irú ìjà yìí ti ṣẹlẹ̀ sí Toyota náà. Lẹ́yìn tí Supra ti sùn láti 2002, wọ́n jí i dìde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019. Àwọn olólùfẹ́ Supra, pàápàá àwọn tó rí èyí aláwọ̀ ọsàn nínú fíìmù The Fast and the Furious ní 2001, ti ń dúró dè é tipẹ́. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹńjìnnì BMW ni wọ́n bá níbẹ̀, torí Toyota àti BMW ni wọ́n jọ ṣe é pọ̀ mọ́ ọkọ̀ Z4 ti BMW, ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria. Inú bí àwọn kan, wọ́n ní ọmọ Jámánì tó wọ aṣọ Japan ni. Wọ́n tún ráhùn pé kò ní gíà ọlọ́wọ́. Ní 2022, Toyota kéde gíà ọlọ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ kì í wọ ilé-iṣẹ́ létí, kó wo èyí.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìdájọ́ wọ̀nyí, ìdájọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Kùn-ún ọ̀dà ṣì wà lára ọkọ̀ náà, táyà rẹ̀ kò tíì jẹ, bàtírì rẹ̀ kò tíì gbóná lójú oòrùn ọ̀sán oṣù Kẹta. Ìdájọ́ kejì ń bẹ níwájú, èyí tí a máa ń dá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí ọkọ̀ bá ti di tokúnbọ̀. Àárín wa níbí l'Ókè-Ògùn ni ilé ẹjọ́ yẹn wà: gáréèjì Ìsẹ́yìn, abẹ́ igi àwọn mẹkáníìkì ní Ṣakí, ọ̀nà oko Tédé àti Àgó-Àrẹ. Ìdájọ́ kejì yìí ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Àwọn tó ń dá a ti tú ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n ti tún un tò.

Ẹ wo bí a ṣe ń dá a. Ní Nàìjíríà, bí àwọn ará Japan bá ti yí àwòrán ọkọ̀ padà, orúkọ la fi í sọ èrò wa. Honda Accord tó jáde láàárín 1990 sí 1993 ni a ń pè ní Hala. Nígbà tí Honda wá gbé èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún 2003 dé, ẹnu ya àwọn ènìyàn. Ara rẹ̀ dán, ó gbòòrò nínú, ẹńjìnnì rẹ̀ yára, ara rẹ̀ sì balẹ̀ lórí ọ̀dà. Àwọn olówó Èkó àti Ìbàdàn sọ ọ́ ní End of Discussion, pé ọ̀rọ̀ ti tán, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè ṣe mọ́. Orúkọ náà tàn kálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa níbí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fi mọ̀ pé Accord ló ń jẹ́.

Àmọ́ Honda fúnra rẹ̀ kò gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn kò tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di èyí tí wọ́n ṣe fún 2006, Honda pààrọ̀ iná ẹ̀yìn náà, wọ́n sì tún iwájú rẹ̀ ṣe díẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ wa rí àyípadà náà, wọ́n sọ ọ́ ní Discussion Continues. Nígbà tí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ dé fún 2008, Evil Spirit ni wọ́n pè é. Ẹ wo bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń lé Honda lẹ́sẹ̀ láti orí iná dé orí bọ́dì. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa mọ́tò nílùú òyìnbó kò fi ojú tó mú jù bẹ́ẹ̀ lọ wo nǹkan.

Ẹ̀ka kan wà nínú ẹjọ́ End of Discussion yẹn tí kò hàn lójú ọjọ́ àkọ́kọ́. Oríṣi ẹńjìnnì méjì ló ní: ti oníhò mẹ́rin, lítà 2.4, àti ti oníhò mẹ́fà, lítà 3.0. Ti oníhò mẹ́fà ló ń dún lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ó ní agbára ẹṣin 240. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2004, Honda pe nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ padà ní Amẹ́ríkà, Accord oníhò mẹ́fà wà nínú wọn, Odyssey wà nínú wọn, Pilot náà wà nínú wọn. Gíà kejì inú gíà aládàáṣe wọn ló ń gbóná jù, tí eyín rẹ̀ sì lè kán lójú ọ̀nà. Mẹkáníìkì wa kò ka ìwé ìkéde yẹn. Ohun tó mọ̀ ni pé oníhò mẹ́fà ń gbé gíà wá sọ́dọ̀ òun, oníhò mẹ́rin ń lọ láìsí wàhálà. Bí o bá sọ fún un pé o fẹ́ ra End of Discussion, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò bi ọ́ ni pé, ṣé plug mẹ́rin ni àbí plug mẹ́fà? Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ló ń gba ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ́wọ́ gbèsè.

Toyota Camry náà ní ìtàn tirẹ̀. Pencil Light wà nínú wọn, Big Daddy dé fún ọdún 2002, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ sì ń pè é ní Big for Nothing. Ìyẹn kò da ọjà rẹ̀ rú; ọkọ̀ náà kò mọ àárẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Muscle dé fún ọdún 2007, tí apá rẹ̀ yọ síta, tó rí bí ọkọ̀ ọ̀dọ́. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Títí di òní, ẹni tó bá gbé Muscle tó mọ́ wọ ìlú fún ìgbéyàwó, àwọn ènìyàn yóò yí ojú wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àgbà mẹkáníìkì ṣe máa ń yẹ Muscle wò kí oníbàárà tó sanwó. Àárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń fẹ́ rí i, kí ẹńjìnnì tó gbóná. Yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò fa gééjì ọ́ìlì yọ, yóò fi àkísà nù ún, yóò tì í padà, yóò tún fà á yọ, yóò gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ọ́ìlì kò bá dé àmì òkè, yóò wo ojú ẹni tó ń tà á. Yóò ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì sí, yóò fi ìka kan inú rẹ̀. Nígbà náà ni yóò ní kí wọ́n tan ọkọ̀. Ẹ̀yìn ni òun fúnra rẹ̀ yóò lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ síbi ẹ̀gbẹ́ sálẹ́ńsà, yóò ní kí wọ́n tẹ tọ́rótù lẹ́ẹ̀mejì. Bí èéfín tó jáde bá ní àwọ̀ aró, tó sì ń rùn, kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yóò kàn nu ọwọ́ rẹ̀, yóò sì ní kí oníbàárà jẹ́ kí àwọn máa lọ.

Ohun tó ń wá nìyí: ẹńjìnnì oní-lítà 2.4 tí Toyota fi sínú Camry láti 2007 dé 2009 máa ń jẹ ọ́ìlì. Àwọn ihò kéékèèké tó yẹ kí ọ́ìlì gbà padà lára pístìnì máa ń dí, ọ́ìlì á wà lára ògiri ẹńjìnnì, á sì jóná pẹ̀lú epo. Ó di ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, Toyota sì gbà níkẹyìn láti bá àwọn oníbàárà wọn níbẹ̀ tún un ṣe. Ẹni tó ra tokúnbọ̀ rẹ̀ ní Ṣakí kò sí nínú àdéhùn yẹn. Tirẹ̀ ni láti máa gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì sínú bùútù, tàbí kó wá ẹńjìnnì Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù, ní ọjà Àràròmí l'Ágodì Gate n'Íbàdàn. Ẹni tó bá sọ pé àwọn ará Òkè-Ògùn kàn ń ráhùn nípa Muscle, kó mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi ojú rí ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà wá fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́.

Ọkọ̀ kékeré náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, ìdájọ́ tó sì wú ènìyàn lórí jù lọ nìyí. Nissan Micra tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1992 gba àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó dára jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù fún ọdún 1993, òun sì ni ọkọ̀ àwọn ará Japan àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ náà. Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó di 2002, Nissan ṣe òmíràn tó ní ojú róbótó gbàǹgbà, wọ́n ní èyí ló bá ìgbà mu. Àwọn onítakísí Ìbàdàn wò ó, wọ́n sì dúró ti èyí àtijọ́. Ó rọrùn láti tú, ṣéènì ló ń yí inú ẹńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe bẹ́líìtì, ẹni mẹ́rin sì ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n bá fún ara wọn mọ́ra. Nítorí ìdájọ́ yẹn ló fi jẹ́ pé Micra tí àwọn òyìnbó ti sọ di irin àlòkù ṣì ń gbé ọmọ iléèwé àti alájàpá káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ títí di òní.

Àwọn obìnrin tó ń gbé iṣu, gàrí àti ẹ̀lùbọ́ láti Òkè-Ògùn lọ sí Ìbàdàn náà jẹ́ adájọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n léèrè. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń wò. Tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí gbayawu, tí àga bá ṣeé yọ, wọ́n ti gbà á. Toyota Sienna yege lọ́wọ́ wọn. Bí Toyota bá fẹ́ mọ ìdí tí Sienna fi wọ́n lọ́jà Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ wọn ni kí wọ́n wá.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa náà wà lára ìdájọ́ yìí. Ṣakí kò jìnnà sí bọ́dà Benin, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Cotonou fi gba ìhà ibí wọlé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, wọ́n ní èbúté ni kí gbogbo wọn máa gbà. Ní oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n ti gbogbo bọ́dà pa, ó sì di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn. Ní 2023, náírà já wálẹ̀, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ lórí epo, lítà epo tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ sì ti dé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan náírà nígbà tí 2024 fi ń parí. Nǹkan wọ̀nyí ti yí ojú tí a fi ń wo ọkọ̀ padà. Látijọ́, ẹwà àti eré ni ọ̀dọ́ ń bèèrè. Nísinsìnyí, ìbéèrè tó ń ṣíwájú ni pé, lítà mélòó ni yóò mu láti ibí dé Ìbàdàn?

Ní báyìí, kí ni kí a sọ nípa Prelude tuntun?

Owó rẹ̀ kọ́kọ́. Bí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà, 42,000 dọ́là á jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́tàlélọ́gọ́ta náírà, kí a tó san owó ọkọ̀ ojú omi, kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Kò sí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tí yóò fi irú owó yẹn ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí kò lè gbé àpò ẹ̀lùbọ́ márùn-ún. Tokúnbọ̀ rẹ̀ náà kò ní tètè dé ibí.

Ọ̀nà ńkọ́? Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà márùndínláàádọ́rin, tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé tún ṣe, Prelude lè rìn ín pẹ̀lú ìdùnnú. Lórí ọ̀nà yẹn ni ènìyàn lè mọ ohun tí àwọn tó gbèjà rẹ̀ ń sọ nípa kọ́nà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ìrìn rẹ̀ parí sójú ọ̀dà ní Òkè-Ògùn. Àwọn kòtò òjò oṣù Kẹsàn-án wà, àwọn òkìtì tí wọ́n mọ sójú títì níwájú iléèwé wà, ọ̀nà oko oníyẹ̀pẹ̀ pupa tí gálọ́ọ̀pù rẹ̀ máa ń gbọn eyín wà. Ikùn ọkọ̀ yìí sún mọ́ ilẹ̀ jù fún gbogbo ìyẹn. Lórí èyí, kò sí àríyànjiyàn kankan lọ́dọ̀ tiwa.

Háíbríìdì ni apá tí ọ̀rọ̀ ti le, ibẹ̀ náà sì ni ó yẹ kí a ti fara balẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ Prelude nílùú òyìnbó ń bínú sí háíbríìdì rẹ̀ nítorí pé ó gba gíà lọ́wọ́ wọn. Fún àwa, háíbríìdì yẹn gan-an lè jẹ́ ohun tó dára jù lọ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí mọ́tò iná ń gbé nígboro, tí kì í jó epo lásán níbi tí àwọn aṣọ́bodè ti dá ọkọ̀ dúró sórí ìlà, yóò dín ìnáwó kù fún ẹni tó ń ti Ṣakí lọ Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ Prelude. Camry, Highlander, Prius àti Lexus háíbríìdì ti ń dé sí Nàìjíríà, owó wọn nígbà mìíràn sì máa ń dín sí ti ẹgbẹ́ wọn tí kì í ṣe háíbríìdì, nítorí ẹ̀rù ń ba àwọn oníbàárà.

Ẹ̀rù yẹn ní ìdí. Bí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, a ó rí wáyà ńlá aláwọ̀ ọsàn tó gba inú rẹ̀ kọjá. Wáyà yẹn kì í ṣe ti bàtírì kékeré tí rìwáyà wa ti mọ̀ dáadáa. Iná inú bàtírì ńlá Prius ju 200 volt lọ, ó tó láti pa ènìyàn. Ẹni tí wọn kò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé iná yẹn kúrò kí ó tó fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ tú u. Bàtírì náà kò fẹ́ràn ooru. Ó ní fáànù kan tó ń fẹ́ sí i, eruku sì máa ń dí fáànù yẹn. Ẹ̀yin tó mọ ọyẹ́ wa, tí eruku rẹ̀ máa ń bo ewé káṣú mọ́lẹ̀, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí wọn kò bá nu fáànù náà déédéé, bàtírì yóò gbóná, yóò sì tètè kú. Iṣẹ́ kékeré ni nínù rẹ̀. Bàtírì tuntun ni iṣẹ́ ńlá.

Ní ọdún mẹ́wàá sí i, ìdájọ́ tí a ó dá lórí Prelude, bí tokúnbọ̀ rẹ̀ bá fi dé Ìsẹ́yìn, kò ní dá lórí S+ Shift. Yóò dá lórí bóyá ẹnìkan wà nítòsí tó lè dín ooru bàtírì rẹ̀ kù, tó lè ka ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń sọ, tó sì lè rí páàtì rẹ̀ rà ní Àràròmí tàbí ní ọjà Ládìípọ̀ l'Ékòó láìjẹ́ pé ó ta ilẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ní mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ló máa ń gba orúkọ rere. Hala gbà á, Micra gbà á. Accord oníhò mẹ́fà kò rí i gbà, láìka gbogbo agbára ẹṣin 240 rẹ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn, àti sọ́dọ̀ Òkè-Ògùn Polytechnic ní Ṣakí. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa mọ ẹńjìnnì ju ọ̀pọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí lọ, polytechnic ní olùkọ́ tó mọ iná mànàmáná. Ẹ pe ara yín jọ. Ẹ kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń gé iná bàtírì ńlá, bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó yẹ, bí wọ́n ṣe ń tú fáànù rẹ̀ nù. Ọkọ̀ háíbríìdì ti wà lójú ọ̀nà wá, kò ní dúró dìgbà tí a bá ṣetán.

Ìwọ tó sì ń gbèrò àtirà Accord tàbí Camry kí ọdún tó parí, béèrè iye plug rẹ̀, mú mẹkáníìkì rẹ dání, kí ẹ sì lọ wò ó láàárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹńjìnnì rẹ̀.